Àjẹ̀ Ọmọ́yẹlé Nínú Gbàǹjo

Lífápúù,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, ọdún 2001.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù kì í jẹ́ kí orúnkún tètè tẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ilẹ̀ Igbókòdá ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúró gbọn-in jù, pé láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nínú ilé wa tó dúró lórí òpó ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ẹ kò gbọ́ omi lábẹ́ ibùsùn mọ́, oorun kò sì mọ ọ̀nà ibi tí ẹ wà. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Kùrukùru máa ń bo odò tó wà níhìn-ín láàárọ̀. Bí mo bá dúró létí rẹ̀, a máa ṣe mí bíi pé ẹnì kan fẹ́ wa ọkọ̀ jáde látinú rẹ̀, kí ó sì bi mí pé kí ni mo jẹ.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ni títọ́jú ohun àtijọ́ tí a fi igi ṣe. Lára iṣẹ́ náà ni pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ mo ní láti wo àwọn gbàǹjo tí wọ́n ń lù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ohun tí wọ́n jí ní ibì kan sábà máa ń yọjú níbẹ̀. Lánàá, mo rí àjẹ̀ kan. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ pé ohun ìwakọ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Ẹja mẹ́ta ló wà lára abẹ rẹ̀, wọ́n ń lé ara wọn, ẹja kẹta kò sì ní ojú.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ìdí tí ẹja kẹta kò fi ní ojú. Ẹ ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sáré wá pè yín pé Màmá ti bí mi, ẹ kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Kò sí àjẹ̀ méjì báyẹn láyé. Òun ló wà lọ́wọ́ Màmá ní àárọ̀ ọjọ́ ìjà odò tó lé yín kúrò ní Oríòkè, nígbà tí iná mú àdúgbò wa, tó wọ ọkọ̀ kékeré pé òun ń lọ kó àwọn arúgbó tó há sí ìsàlẹ̀, tí a kò sì rí i mọ́. Ó di ọdún méjì àti oṣù márùn-ún báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọjà náà ṣe rí. Gbàǹjo yìí kò ní ariwo, kò sì sí ẹni tó ń lu agogo. Oṣù kan gbáko ni ọjà ń wà níta. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ iye tó lè san sínú àpótí kékeré kan, ẹni tí iye rẹ̀ bá ga jù nígbà tí àkókò bá pé ló ni ín. A kì í rí orúkọ ara wa, nọ́ńbà nìkan. Èyí yóò parí ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, ní agogo méjìlá ọ̀sán.

Wọn kì í sì í jẹ́ kí olùrà mọ ẹni tí olùtajà jẹ́ títí yóò fi sanwó. Ìyẹn ni kókó ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bi í pé níbo lo ti rí i, lọ́wọ́ ta ni, àfi kí n kọ́kọ́ borí nínú gbàǹjo.

Ọ̀nà ìsanwó wà níye. Olùtajà yìí fẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, nítorí kò ní ná òun ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n báńkì lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní fi ọjà ránṣẹ́ kí ó tó mọ̀ pé owó wọlé. Káàdì yá ju ìyẹn lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí owó bá ti lọ, ìwọ ni yóò máa sá tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ nítorí pé olùrà ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà láàárín tó ń bá ni di owó mú. N ó fún wọn lówó, wọn yóò sọ fún olùtajà pé ó ti wà lọ́wọ́ àwọn, òun yóò fi àjẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní ọjọ́ méje láti fi ojú mi wò ó. Bí mo bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà á" sí, wọn yóò fún un lówó rẹ̀. Bí mo bá tẹ "Mo dá a padà", àjẹ̀ yóò padà, owó yóò padà.

Mo ti fi pọ́n-ùn méjìlélógún lé e. Mo kọ àdírẹ́sì ojú ìwé náà sẹ́yìn lẹ́tà yìí, bóyá Tíṣà Ọlárìndé lè fi àwòrán rẹ̀ hàn yín bó bá lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ tètè fèsì.

Èmi ọmọ yín,
Fẹ́yìsetán.


Igbókòdá,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì, 2001.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Olúwa bá ọ gbé inú òtútù náà. Èmi wà. Mo ṣì ń bá wọn dí ọkọ̀ tó ń jò ní èbúté. Orí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo wà nígbà tí lẹ́tà rẹ dé. Nígbà tí mo kà á tán, n kò rántí ẹ̀gbẹ́ tí mo ti ń kan ìṣó bọ̀ mọ́.

N ó bá ọ wí kí ọkàn mi tó rọ̀. O fi owó lé àjẹ̀ Ọmọ́yẹlé ìyá rẹ. Ṣé ìwé tí o kà ti fọ àṣà ilé wa kúrò lórí rẹ ni? Ọkọ ló ń gbẹ́ àjẹ̀ fún aya. Bí obìnrin bá wà láàyè, òun nìkan ló lè sọ pé kí àjẹ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa yòókù kì í dárúkọ owó sí i. Ọjọ́ tí ẹbí bá jókòó, tí wọ́n dá iye lé àjẹ̀ obìnrin, ọjọ́ náà ni wọ́n sọ pé kò ní padà wálé mọ́. Èmi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ kí n sọ ọ́, n kò sọ ọ́.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé Pétérù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, bá mi níbi tí mo ti ń ka lẹ́tà náà. Ó ní ó tán, àwọn òyìnbó pàápàá ti dá iye lé e, kí la tún ń dúró dè. Òun àti àwọn alàgbà ti mú ọjọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin, ni wọ́n fẹ́ gbé aṣọ ìyá rẹ sínú àpótí kí wọ́n sì sin ín ní ipò òkú tí a kò rí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Pétérù ní sùúrù òun ti hu irùngbọ̀n.

Ṣùgbọ́n má bẹ̀rù, mo ti dá gbàǹjo náà dúró.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní èbúté wa, bí wọ́n bá fẹ́ ta ohun tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, ìbáà ṣe àwọ̀n tàbí ọkọ̀, ẹni tó ní in yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ọjà yóò sì dúró títí àwọn àgbà yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Nítorí náà mo bá Tíṣà Ọlárìndé lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀fà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbí. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀. Àwòrán náà kò yọ lẹ́ẹ̀kan. Láti òkè ló ti ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jáde látinú omi. Mo rí orí rẹ̀, mo rí ọrùn rẹ̀, nígbà tí ó kan àwọn ẹja, mo bojú wẹ̀yìn nítorí ó ṣe mí bíi pé ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi.

Mo ní kí Ọlárìndé bá mi gbé ọwọ́ lé e. Ó ní àpótí kan ṣoṣo ló wà tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn, iye ló sì ń béèrè. Mo ní n kò ní dárúkọ iye. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò mọ àtẹ́lẹwọ́." Mo wá ní kí ó kọ èyí tó pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lórí pípé tí yóò rò pé owó àjẹ̀ ni. Ó kọ ọgọ́sàn-án pọ́n-ùn. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà ọjà ti dúró. Kọ̀wé sí àwọn àgbà ibẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Olówòkéré.


Lífápúù,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, 2001.

Bàbá mi,

Ẹ kú àìgbúròó. N kò tíì rí èsì yín, n kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àìsàn.

Mo borí, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan. Láti ìparí oṣù tó kọjá ni ẹnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4417 ti bọ́ sínú gbàǹjo náà. Bàbá, irú ọ̀tá yìí kò wọ́pọ̀. Bí mo bá kọ ọgbọ̀n, lójú ẹsẹ̀ ló ti kọ ọ̀kanlélọ́gbọ̀n. Bí mo kọ ọgọ́ta, ó ti lé e. Ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ìgbà yòówù tí mo bá dé, ó ti wà níbẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́. Mo ń rí i lójú oorun bí ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ojú rẹ̀ funfun bí ògiri, tó jókòó sí iyàrá tó kún fún àjẹ̀ àwọn obìnrin tí kò mọ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ ọ̀kan ṣoṣo fún mi.

Ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é, mo mọ̀. Bí ènìyàn bá kọ iye tó ga, ẹ̀rọ yóò pa á mọ́, yóò sì máa fi díẹ̀díẹ̀ bá a lé ẹni tó bá tẹ̀ lé e títí iye náà yóò fi tán. Èyí dára fún olùrà tí kò ráyè jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń lé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí mo kọ ọgọ́sàn-án lé mẹ́fà, ó dákẹ́. Agogo méjìlá lù. Àjẹ̀ Màmá di tèmi, nínú owó tí mo ti fi pamọ́ fún ilé tuntun.

Mo ti gbé owó náà fún àwọn tí ń di owó mú. Olùtajà kùn pé ṣẹ́ẹ̀kì rọrùn fún òun jù, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé.

Fẹ́yìsetán.


Lífápúù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2001.

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn ilé mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Tíṣà ti kọ ọgọ́sàn-án, mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin ni 4417. Ẹ̀yin lẹ ń lé mi káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì ti padà sí Igbókòdá, ẹ ń kan ìṣó. Ẹ sọ fún Tíṣà pé mo kí i, pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wúwo.

Ẹ foríjì mí lórí owó tí mo fi lé e. Mo ti gbàgbé àṣà náà lóòótọ́, tàbí kí n sọ pé mo rò pé kò lè rìn jìnnà tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́. A kò tíì ra àjẹ̀ náà. Owó kò tíì dé ọwọ́ olùtajà, kò sì sí lọ́wọ́ mi. Ó wà láàárín, bí ọkọ̀ tí kò tíì kan èbúté kankan. Títí n ó fi tẹ "Mo gbà á", kò sí ẹni tó dá iye kankan lé Màmá. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Pétérù.

Àjẹ̀ náà dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní ibi iṣẹ́ mi, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ṣe bí mo ti ń ṣe fún ohun gbogbo: n kò jẹ́ kí ọkàn mi wò ó kí ojú mi tó wò ó. Ohun tí mo rí nìyí.

Iná jó o ní ọrùn, níbi tí ọwọ́ òkè ń dì mú. Ibẹ̀ ti di èédú díẹ̀, ó sì ti là. Ẹnì kan fi wáyà bàbà wé ibi tó là náà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo abẹ́ wáyà náà. Èédú wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí rárá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná kò kan wáyà fúnra rẹ̀, nítorí bàbà tí iná bá kàn a máa pàwọ̀ dà. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn iná ni wọ́n wé e.

Wáyà náà tún ń dán lójú kan, ní ibi tí àtàǹpàkò ń gbé. Ọwọ́ ènìyàn ló fọ̀ ọ́ tó fi ń dán, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo dán irú wáyà bẹ́ẹ̀ wò níbí. Yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù tí ènìyàn ń dì í mú lójoojúmọ́.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ìdí wáyà náà padà sábẹ́ ara rẹ̀ nígbà méjì, ó sì tẹ̀ sí òsì. Bí Màmá ti ń parí àwọ̀n nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń bú u pé kí ló dé tí kò lè dì í sí ọ̀tún bí ọmọ ènìyàn.

N kò sọ pé ó wà láàyè. Iṣẹ́ mi kò gbà mí láàyè láti sọ ju ohun tó wà lórí tábìlì lọ. Mo kàn ń sọ pé ẹnì kan tó ń di nǹkan bíi tirẹ̀ di àjẹ̀ yìí lẹ́yìn iná, ó sì lò ó pẹ́.

Mo ti kọ̀wé bi olùtajà pé níbo ló ti rà á. Mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọjọ́ kún ọjọ́ méje náà.

Fẹ́yìsetán.


Igbókòdá,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2001.

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan mi orí. Pétérù ní wáyà kì í jẹ́rìí, pé olè tó gbé àjẹ̀ náà lè ní ọwọ́ òsì. N kò bá a jà. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ó ti sunkún rẹ̀ tán, kò sì fẹ́ kí a tún fà á padà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kò yí ọjọ́ padà. Wọ́n ti fún káfíńtà mìíràn ní iṣẹ́ àpótí náà, nítorí mo kọ̀ láti kàn án.

Mo sùn lánàá, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sùn dáadáa lórí ilẹ̀ yìí. Mo rí i lójú oorun pé Igbókòdá ti tú kúrò nídìí, gbogbo ilé, ọjà àti ọ́fíìsì ìjọba ń léfòó lọ sí ojú òkun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rù. Àwọn akọ̀wé ń kọ̀wé lọ. Mo ń wo apá kan, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ibẹ̀.

Wádìí orúkọ ibẹ̀ fún mi. Má tẹ nǹkan kan.

Bàbá rẹ.


Lífápúù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, 2001.

Bàbá mi,

Ilé iṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà kíákíá ni mo gbé èyí fún. Wọ́n ṣèlérí ọjọ́ mẹ́rin. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó dé kí ọjọ́ kọkànlélógún tó pé.

Olùtajà dáhùn. Ará Dẹ́ńmáàkì ni, Mọ́tẹnsin lorúkọ rẹ̀, ẹlẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, ọkọ̀ àwọn dúró ní Kútọnu. Ní èbúté àwọn apẹja ló ti rí obìnrin kan tó ń yan ẹja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá, tó ń fi àjẹ̀ náà ṣe ọ̀pá. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tà á. Obìnrin náà wò ó títí, ó gbà. Mọ́tẹnsin yọ dọ́là. Obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní owó tí òun kò lè fi ra iyọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé lásán ni, kí ó lọ ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó ilẹ̀ ibẹ̀. Ó wá ẹni tó ń ṣẹ́wó fún wákàtí kan nínú oòrùn. Nígbà tí ó padà dé, obìnrin náà ní iye ti lé sí i, nítorí ó jẹ́ kí òun dúró.

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Bàbá, ta ni ẹ mọ̀ láyé yìí tó ń fi owó kún ọjà nítorí pé wọ́n jẹ́ kí òun dúró?

Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní òun kò ní kánjú gba owó òun, ó fún mi di ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún.

Kútọnu lorúkọ ibẹ̀.

Fẹ́yìsetán.


Igbókòdá,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2001.

Fẹ́yìsetán, ọmọ àbúrò mi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa. Èmi Pétérù ni mo ń kọ̀wé yìí, nítorí pé ó yẹ kí o gbọ́ ohun tí bàbá rẹ ṣe kí òun fúnra rẹ̀ tó ròyìn rẹ̀ fún ọ.

Lẹ́tà kíákíá rẹ lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ Sátidé gan-an ló dé. A ti gbẹ́ ihò, a ti kọ orin kejì, alàgbà ń gbàdúrà lọ́wọ́. Bàbá rẹ dúró sí apá kan, kò di ojú. Mo mọ̀ pé kò di ojú, nítorí èmi náà ń wò ó. Tíṣà ará Ọ̀fà náà sáré dé pẹ̀lú àpò ìwé, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á ní ìdúró. Nígbà tí a ṣe àmín, ó rìn wá sídìí àpótí, ó ṣí i, ó mú aṣọ àbúrò mi jáde, ó gbọn ewé tí a tẹ́ sínú àpótí kúrò lára rẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sí abẹ́ apá. Mo bi í níbo ló ń gbé e lọ. Ó ní, "Mo ń lọ fún ẹni tó ni ín."

Ó wọ ọkọ̀ ní èbúté láìkí ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ńlá ni fún ìdílé. A kó oúnjẹ jọ, a kò mọ ohun tí a óò pè é.

N kò jẹ́ kí wọ́n dí ihò náà. N kò sì jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀, omi ti ń yọ nínú rẹ̀. Bí bàbá rẹ bá kọ̀wé sí ọ ṣáájú mi, sọ ohun tó bá wí fún mi, ohunkóhun tí ìbáà jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Pétérù.


Kútọnu,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún, 2001.

Fẹ́yìsetán,

Mo dé ibí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Ìlú omi ni, ilẹ̀ rẹ̀ kò dúró gbọn-in, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará wa pọ̀ ní èbúté, wọ́n ń sọ èdè wa bí ẹni pé Oríòkè wà ní ẹ̀yìn ilé. Mo ń béèrè obìnrin tí ń yan ẹja tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá. Wọ́n ní àwọn bẹ́ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Mo wo ti àkọ́kọ́, kì í ṣe òun. Èkejì ti kó lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń kọjá nínú èéfín, èéfín náà ki débi pé n kò rí ẹsẹ̀ ara mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bá oníbàárà kan jà, pé bí ó bá fẹ́ kí òun dúró dè é, yóò san owó ìdúró.

Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò fẹ́ kí èéfín náà tètè lọ.

Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Ó ti tín-ínrín. Òpó ilé ló wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn apẹja tó ń lọ sí Kútọnu ló gbé e lórí omi, nígbà tí ó sì lajú dáadáa, ẹnì kan níbí ti sọ fún un pé ọkọ̀ tó kó èmi àti àwọn ará ilé wa rì, pé kò sí ẹni tó yè. Síbẹ̀ ó fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí Oríòkè. Ó kọ ọ́ sí ilé tí kò sí mọ́, sí èmi tí ó rò pé mo ti kú. Nígbà tí kò rí èsì, ó ta àjẹ̀ náà.

Mo gbé aṣọ rẹ̀ fún un. Ó rí ewé kan tó ṣì há sí i, ó ní ta ló fi í síbẹ̀. N kò tíì sọ fún un.

Ní ti àjẹ̀, mo sọ fún un bí o ti rí i, bí mo ti gbé ọwọ́ lé e, bí owó ti wà láàárín láti ìgbà náà. Mo ní kí ó má bínú, pé ìwọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi owó sí i nítorí àìmọ̀. Ó ní kí ni òun ó bínú sí, ṣé kì í ṣe òun ló tà á ni. Ó ní àjẹ̀ náà gùn jù láti ọjọ́ tí mo ti gbé e fún òun, ó sì wúwo, pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ń já òun léjìká. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní inú mi dùn sí àwọn ẹja náà jù.

Nítorí náà gbọ́ ohun tó wí, mo kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an: "Sọ fún Fẹ́yìsetán pé òyìnbó yẹn sanwó lójú mi, owó tó ṣeé ná. Kó tẹ̀ ẹ́ fún un. Kó má jẹ́ kó dúró."

Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó ni ín ló dá iye lé e, ó sì wà láàyè.

Sọ fún Pétérù pé bí ihò náà bá ṣì ṣí sílẹ̀, kí ó dí i.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ òmíràn, pákó fúyẹ́ ni. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n wọn gíga òun. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó dìde dúró, ó ń wọn ara rẹ̀.

Olówòkéré, bàbá rẹ.